Ìyá Mi Kì í Ṣe Ará Abẹ́òkúta

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Ìyá mi kì í ṣe ará Abẹ́òkúta. Mo ti kọ ọ́ báyìí, bírò ni mo sì fi kọ ọ́, kò ṣeé parẹ́ mọ́. Ará Kétu ni ìyá mi. Kétu tó wà ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Benin, Kétu kan náà tí Désiré, àfẹ́sọ́nà rẹ, ti wá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ nǹkan mìíràn fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, títí kan pásítọ̀, títí kan màmá rẹ, títí kan ìwọ.

Jọ̀ọ́, má tíì gbé fóònù. Mo mọ̀ ẹ́. Ka ìwé yìí tán ná, kó o tó wá pariwo mọ́ mi.

O máa ṣàròyé pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Kà á sókè, bí màmá rẹ ṣe kọ́ ẹ láti inú Bíbélì nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Swinton ní ìlú òyìnbó yìí. Má sì gbé e fún Désiré kó bá ẹ kà á o. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kà á. Gẹ̀ẹ́sì tèmi tó láti fi ṣiṣẹ́, ó tó láti fi bá káǹsù jà lórí ike ìdọ̀tí, àmọ́ kò tó láti fi jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lo pè mí. O ní ìyá Désiré ti dé láti Kétu, ó wà lọ́dọ̀ Désiré ní Bury, nítòsí ilé rẹ, àti pé kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: ìyá bàbá ìyàwó, ọmọ agboolé wo ni?

"Abẹ́òkúta," ni mo wí.

"Dádì, Abẹ́òkúta kì í ṣe agboolé."

"Sọ fún un pé Abẹ́òkúta! Ṣé ìyàwó ló ń wá ni, àbí ọ̀daràn?"

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, Dádì. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni, kí mọ̀lẹ́bí má baà fẹ́ra wọn. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo pa fóònù. Gbogbo yín sú mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Désiré sú mi, ìwọ náà sú mi. Mo dúró sí kíṣìnnì, mò ń ráhùn sí kẹ́tùlù. Màmá rẹ wọlé, ó wò mí.

"Bàbá Mojí, ta lẹ ń bú?"

Mo ní mi ò bú ẹnikẹ́ni.

"Kẹ́tùlù yẹn ti gbọ́ tó," ló wí, ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ.

Mojí, obìnrin yẹn kò ṣe àṣejù. Ohun tó ń múnú bí mi gan-an nìyẹn, pé ó tọ́ kó bèèrè. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn àgbà wa ṣe ń ṣe ní Ìmẹ̀kọ, ìlú bàbá mi. Kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀ ìyàwó, wọn á dárúkọ agboolé bàbá, wọn á dárúkọ agboolé ìyá, wọn á tún padà lọ dárúkọ ti ìyá bàbá. Ìgbà tó bá dá wọn lójú pé ẹ̀jẹ̀ kò pa àwọn ọmọ náà pọ̀ ni wọ́n á tó gba ọtí ara wọn. Ìwọ ń pè é ní àṣà àtijọ́, ò ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Bí ìyá mi àti ìyá Désiré bá ti agboolé kan náà jáde ńkọ́? Ṣé o mọ̀? Èmi náà ò mọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń já mi láyà. Mò ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ òfurufú níbi iṣẹ́, mò ń rò ó. Mo wọ tíráàmù kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ ní Wythenshawe, nítorí mò ń rò ó.

Kó o tó dá mi lẹ́bi, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ bọ́ọ̀lù, nígbà tí Nàìjíríà bá Benin gbá a. Désiré wá sílé wa, ó wọ ẹ̀wù ìlú rẹ̀. Nígbà tí Benin gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó fò sókè, ó ké, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo sọ, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

"Nínú ilé mi? Lórí àga mi? Ẹ̀yin ará Kútọnu, kí lẹ mọ̀ ju kẹ́ ẹ máa kó ìrẹsì àti mọ́tò àlòkù wọlé sí wa lọ?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Àmọ́ ará Kétu ni wá, Kútọnu jìnnà sí wa ju Ìmẹ̀kọ lọ. Nàìjíríà ni oko bàbá mi gan-an wà. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ro àgbàdo, ìrìn àjò òkèèrè ni wọ́n lọ yẹn."

Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ìgbéraga ni. Mojí, mo mọ ọ̀nà oko yẹn. Mo ti dúró lórí rẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ kò sí. Wọ́n ti bọ́dà pa lákòókò náà, wọ́n sì kó àwọn aṣọ́bodè wá sí ojú ọ̀nà kékeré kan lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Mo lọ bá wọn, mo ní mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tí mò ń kọ orúkọ sí. Ọ̀gá wọn fún mi ní fìlà kan tó ti gbó, ó ní tí mo bá ṣe dáadáa, òun á bá mi sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́. Mojí, mo máa ń wo ara mi nínú dígí mọ́tò wọn nítorí fìlà yẹn. Lójú ara mi, èmi ni mò ń ṣọ́ Nàìjíríà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ̀dá Àlàbí yọ lórí kẹ̀kẹ́ láti apá Kétu. Bàbá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun ló ń gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi bá mú mi lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyá mi ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn, èlùbọ́ àti oyin ni wọ́n fi rán an sí i. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Àbúrò mi! Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ n kọjá. Ìyá ẹ ló ni ẹrù yìí."

Ọ̀gá yíjú sí mi. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ ó rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n ni?"

Mo fọwọ́ kan fìlà orí mi. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà. Ará Kútọnu ni."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ Kútọnu tí mo pè yé Bọ̀dá Àlàbí. Kò bá mi jà. Ó rọra tẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń tẹ́ ọmọ tó sùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ní kí n bi í ní orúkọ. Mo bi í. Mo fi Yorùbá bi í ní orúkọ rẹ̀, èmi tó gbé pọ̀n rí! Ó sì dá mi lóhùn bí ẹni tó ń dá àjèjì lóhùn. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó pe agboolé: Ilé Alágbẹ̀dẹ, ní Kétu. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́tà mi sì dára gan-an. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi mú un jókòó sínú oòrùn. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́, wọ́n gba ẹrù, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá.

Ìyá mi ti gbọ́ kí n tó délé. Ó jáde síta pẹ̀lú àìsàn lára, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo fìlà náà. "Káàbọ̀, ọmọ Nàìjíríà," ló wí. Kò pariwo. Àmọ́ títí tó fi kú, kò pe orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ mí ní Kétu mọ́.

Iṣẹ́ yẹn náà ńkọ́? Wọn ò fún mi. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, wọ́n kó ẹrù wọn, ọ̀gá sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dá fìlà òun padà.

Ni mo bá lọ sí Abẹ́òkúta. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbẹ̀ pé ará ibo ni ìyá mi, mo ní ará ìhín náà ni. Ó rọrùn. Ó rọrùn jù.

Mo ti ń bínú sí ara mi ju bó ṣe yẹ, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú. Ìwọ ka yunifásítì, èmi ò kà á, o lè máa wò ó pé kí ni bàbá yìí mọ̀. Bóyá o tiẹ̀ tọ̀nà.

Èkínní. Tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè àwọn èèyàn rẹ, dáhùn. Má sọ pé "Manchester ni mo ti wá" bí o ṣe máa ń sọ ọ́ yẹn, tó o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Lóòótọ́, Manchester lo ti wá, a ò jà sí i, àmọ́ ta ló bi ẹ́ nípa ìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni irọ́ tèmi, wo bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Mi ò lè bá ará Ìmẹ̀kọ kankan ṣọ̀rẹ́ ní ìlú yìí. Tí wọ́n bá ń kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá lọ máa to àga. Pásítọ̀ rò pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ Olúwa.

Èkejì. Èyí le díẹ̀, fara balẹ̀ kà á. Mi ò sọ pé orílẹ̀-èdè kì í ṣe nǹkan kan. Désiré máa ń sọ pé Yorùbá ni gbogbo wa, pé òyìnbó ló fa ìlà, pé kò sí bọ́dà. Ẹnu dùn ún sọ̀rọ̀. Bọ́dà wà, ọmọ mi, mo ti dúró nídìí rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè yẹn kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, àwọn olè gidi sì ń gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ìlú tó bá fún ẹ ní pásípọ́ọ̀tù, bọ̀wọ̀ fún un. San owó orí rẹ, dìbò, pariwo fún un lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù títí ọ̀fun rẹ á fi gbẹ. Àmọ́ ọjọ́ tí ìlú kan bá ní kó o wo ọmọ ìyá rẹ lójú, kó o sọ pé o ò mọ̀ ọ́n, bọ́ fìlà wọn fún wọn lọ́jọ́ náà. Má dúró dìgbà tí wọ́n á fi gbà á.

Ṣé o rántí Harjit àti Nadeem tá a jọ ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ òfurufú? Harjit ló ń wé láwàní, Nadeem ló ń kírun lẹ́yìn ibi tá a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ẹ̀yà Punjabi làwọn méjèèjì. Èdè wọn kan náà, ẹ̀fẹ̀ wọn kan náà, ẹ̀fọ́ inú ike oúnjẹ wọn kan náà. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí méjì, bàbá ìyá Harjit sá bọ́ sí apá India, bàbá bàbá Nadeem sá gba ọ̀nà kejì bọ́ sí Pakistan. Lọ́jọ́ tí India bá ń bá Pakistan gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń fi èmi sí.

"Arákùnrin mi ni," Nadeem wí fún mi lọ́jọ́ kan, "àfi ọjọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì."

"Lọ́jọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì gan-an, arákùnrin mi ni," Harjit dá a lóhùn. "Arákùnrin tó máa ń fìdí rẹmi."

Lọ́dún tó kọjá, Nadeem lọ sílé, ó yà sí abúlé tí bàbá ìyá Harjit ti sá, ó ya fídíò ilẹ̀kùn ilé tí bàbá náà fi sílẹ̀. Harjit pe àwa méjèèjì wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Pakistan nínú ilé rẹ̀. Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ẹyẹ méjì wà lára ilẹ̀kùn náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ fún un. Kò sunkún. Ó bi Nadeem bóyá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ṣì ń fi òróró pa igi náà, kó má baà sán. Lẹ́yìn náà ló bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀, ó tún bù sí i.

Lẹ́yìn tó bu oúnjẹ tán, ó kọjú sí mi. Harjit ló ń túmọ̀. "Màmá ní, ìwọ ńkọ́, ìlú wo ni ìyá tìrẹ?"

"Nàìjíríà," ni mo wí.

Ó ṣì ń wò mí, ó ń retí kí n dárúkọ ìlú. Mo bu oúnjẹ sẹ́nu. Mo wo Harjit tó ń fi sùúrù túmọ̀ fún ìyá rẹ̀, mo sì rántí irú ìtúmọ̀ tí èmi ṣe nígbà tèmi. 

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀kẹta ni. Mo gbọ́ ẹ lọ́jọ́ kan tó ò ń bá Désiré jà lórí fóònù, o ní, "Ẹ̀yin ará Benin ṣáà!" Dákun, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ, inú sì bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ jà lórí abọ́ tí kò fọ̀, ẹ jà lórí ìdí tí kì í fi tètè délé. Má pe ìlú rẹ̀ sí i. Kò lè pààrọ̀ ìyẹn fún ẹ, bó o tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó tún ku ọ̀kan, mi ò mọ èyí tó jẹ́ mọ́. Désiré ń ka nọ́ńbà fóònù ní Faransé, ìwọ ń ka tìrẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wà láàárín, kí wọ́n máa túmọ̀. Yorùbá ni ẹ̀yin méjèèjì jọ ní, ẹ máa fi bára yín sọ̀rọ̀, bí tìrẹ tiẹ̀ ń kọsẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kò dáa fún ọmọdé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo ti sọ fún màmá rẹ láàárọ̀ yìí. Mo rò pé á pariwo. Àlùbọ́sà ló ń gé, kò dúró.

"Látìgbà tá a ti fẹ́ra ni mo ti ń sọ fáwọn èèyàn mi ní Ṣágámù pé ìyá ọkọ mi, ará Abẹ́òkúta ni," ló wí. "Ẹ ṣeun o."

Mo ní kó má bínú.

"Mò ń bínú, ẹ jẹ́ n bínú." Ó gé àlùbọ́sà náà tán. "Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ yẹn? Èmi kọ́ o. Ọmọ yín náà kọ́. Kò ní jẹ́ pé òun ló máa gbé ọ̀rọ̀ yín lọ."

Òótọ́ ló sọ. Ìwọ lo pe ìbéèrè náà wá, mo sì ti fẹ́ kọ ìdáhùn síhìn-ín kó o bá mi gbé e lọ, bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kiri nígbà yẹn. Mi ò ní ṣe é.

Mi ò mọ ohun tí obìnrin náà máa sọ. Ó lè ní Ilé Alágbẹ̀dẹ, àwọn tó wà nígun kejì ìlú nìyẹn, ẹ máa bọ̀ ká ṣe ìyàwó. Ó sì lè ní ilé tí wọ́n ti bí òun nìyẹn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó yín lè dúró níbẹ̀, wàá sì bínú sí mi títí, mi ò sì ní rí nǹkan sọ. Ó sì lè jẹ́ pé kò mọ agboolé yẹn rárá, àmọ́ ó mọ Àlàbí, ó sì mọ ìtàn ọmọ ìyá tó dé fìlà lójú ọ̀nà oko. Ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù jù. Mo kọ ọ́ síbí kó o lè mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n kí n tó lọ.

Ọ̀la ọjọ́ Àìkú, mi ò ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa to àga. Màá wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lọ sí Bury, màá fi ìwé yìí sínú àpótí lẹ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ, mi ò ní kan ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Désiré. Màá ṣí fìlà kí n tó wọlé. Màá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, màá sọ fún un pé Ilé Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ìyá mi, àti pé Àlàbí tó gbé èlùbọ́ àti oyin wá, mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ ni.